Abólọ́rùn, Aṣa àti Òpìpì: Ìtàn Adìẹ Ìbílẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ dé Asawase

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tó wà lágbàlá àwọn ará Asawase ní ìlú Kumasi, ní Ghana, adìẹ ìbílẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í fi pe nǹkan. Àgbò iléyá ní okùn lọ́rùn, ewúrẹ́ ní ẹni tó ń já ewé fún un, ẹyẹlé pàápàá ní ilé tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri. Adìẹ ní tirẹ̀ á jí, á jẹ̀ lọ, á máa fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ títí tí oòrùn á fi wọ̀, á sì padà wálé sùn láìsí ẹni tó pè é. Bẹ́ẹ̀, bí àlejò bá dé lójijì, tàbí tí owó ilé ìwé ọmọ kù díẹ̀ kó pé, adìẹ yìí náà ni ọwọ́ ìyálé ilé kọ́kọ́ ń nà sí.

Láàrin wọn ni àwọn kan wà tí wọn ò jọ ìyókù. Ọ̀kan wà tí ọrùn rẹ̀ bó kanlẹ̀, tó pọ́n bí ọrùn igún. Abólọ́rùn ni Yorùbá ń pè é. Òmíràn wà tí ìyẹ́ ara rẹ̀ ká sódì, tí orí ìyẹ́ kọjú síwájú dípò ẹ̀yìn. Adìẹ aṣa nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni òpìpì, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò hù dáadáa, tí kò sì lè fò gun orí igi. Ọmọdé a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín, oníbàárà a máa tìtorí wọn yọ owó. Ìtàn tiwọn ni a fẹ́ sọ yìí, ohun tí ó sì fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí a ti ń rí àbùkù lára adìẹ ìbílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọrọ̀ rẹ̀ wà, àti pé agbàlá àwọn tó ń sìn ín ni yóò ti yè tàbí kó ti parẹ́.

Bí adìẹ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Ifẹ̀ pé níbo ni adìẹ ti wá, yóò ní láti òde ọ̀run ni. Nígbà tí Odùduwà ń rọ̀ bọ̀ wáyé, yẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ìyẹn oníka márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ tàn án káàkiri, ilẹ̀ sì fẹ̀. Ìka mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ adìẹ tó pọ̀ jù láyé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó yẹ adìẹ ìbílẹ̀ wò ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà rí i pé àwọn tó ní ìka márùn-ún ṣì wà láàrin wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ pa ìtàn Ifẹ̀ náà lè ti rí irú wọn lójú ara rẹ̀.

Àwọn awalẹ̀pìtàn gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dọ̀ tiwọn, adìẹ igbó tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni babańlá gbogbo adìẹ. Àwọn tó tún egungun àtijọ́ yẹ̀ wò, tí wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde ní 2022, sọ pé ibi tí wọ́n ń pè ní Ban Non Wat ní ilẹ̀ Thailand ni egungun adìẹ ọ̀sìn tó dájú tó sì pẹ́ jù ti jáde, ní nǹkan bí ọdún 1650 sí 1250 ṣáájú ìbí Jésù. Láti ibẹ̀ ni adìẹ ti bá àwọn oníṣòwò rìn, lórí omi àti lórí ilẹ̀, títí ó fi dé Áfíríkà. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, egungun rẹ̀ ti jáde nínú ilẹ̀ ní Jenne-jeno ní Mali, ó sì ti jáde ní Kirikongo ní Burkina Faso, orílẹ̀-èdè tó bá Ghana pààlà. Àwọn egungun wọ̀nyí lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Adìẹ ti wà lọ́dọ̀ wa, a ti ń sìn ín, a ti ń fi bọ̀rìṣà, a ti ń fi ṣàlejò, kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun.

Ní gbogbo ẹgbẹ̀rún ọdún yẹn, kò sí ẹni tó jókòó ṣa adìẹ fún wa. Àṣá ló ṣà á, nítorí òròmọdìẹ tí kò bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kò ní dàgbà. Òjò ló ṣà á, ọyẹ́ ló ṣà á, àti lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ ní àpalápatán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó kù lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni adìẹ ìbílẹ̀: kékeré, gírígírí, olójú tó mú, tó mọ bí a ti ń wá oúnjẹ fún ara ẹni.

Ẹran pẹ̀lú ẹyin

Àwọn tó ń sin adìẹ fún òwò lónìí pín adìẹ sí ọ̀nà méjì. Èyí tó wà fún ẹyin, ẹyin nìkan ló mọ̀, ó lè yé tó 300 lọ́dún. Èyí tó wà fún ẹran, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló fi ń tó pa. Adìẹ ìbílẹ̀ kò sí nínú ìkankan. Ẹyin rẹ̀ kì í sábà ju 40 sí 60 lọ lọ́dún, abo rẹ̀ tó ti dàgbà sì máa ń wọn nǹkan bíi kílò kan sí kílò kan àbọ̀. Ẹ̀yà tí àwọn Fúlàní ń sìn tóbi ju èyí tí Yorùbá ń sìn lọ. Bí a bá fi ìwé ìṣirò lásán wò ó, adìẹ ìbílẹ̀ kò ní láárí.

Ìwé ìṣirò kì í ka oúnjẹ tí a kò rà. Eèrí àgbàdo, eèpo iṣu, ikán àti kòkòrò inú koríko ni adìẹ agbàlá fi ń sọ ara rẹ̀ di ẹran. Ohun tó tún ń ṣe tí adìẹ ẹyin òyìnbó ti gbàgbé ni pé ó ń sàba. Yóò yé ẹyin mẹ́wàá sí márùn-ún-dín-lógún, yóò gorí wọn, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni yóò sì fi jókòó, tí yóò kàn máa sọ̀ kalẹ̀ mu omi, jẹ díẹ̀, kó tún padà. Ìyàwó ilé tó gbọ́n kì í jẹ́ kó sàba lé gbogbo ẹyin. Yóò gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀ ní bí ọjọ́ keje. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ kedere láìní iṣan pupa nínú kò ní ọmọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹyin ló ń wá kì í ṣe òròmọdìẹ, yóò kó ẹyin kúrò nítẹ̀ẹ́, yóò ri abo adìẹ náà sómi tútù kí ara rẹ̀ lè silé, kó lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yé padà. Nígbà tí òròmọdìẹ bá jáde, yóò fi aró tàbí àwọ̀ pupa kùn wọ́n lára. Ìyẹn á jẹ́ kí ó dá tirẹ̀ mọ̀ láàrin tàwọn ará ilé kejì, ó sì tún ń da àṣá lójú rú.

Ìdí nìyí tí ẹran àti ẹyin fi jọ wà lára adìẹ kan ṣoṣo. Ẹyin ni owó kékeré tó ń wọlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àkùkọ ni owó ńlá tó ń dúró de ọdún, àgbébọ̀ ni ọbẹ̀ àlejò, èyí tó sàba sì ni ọ̀la. Nínú ilé tí kò ní ilẹ̀ oko, tí kò ní àpò ní báńkì, irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò.

Asawase àti àwọn àlejò rẹ̀

Ní 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kumasi tí wọ́n sì gbé Asantehene Prempeh Kìíní, ọba Àṣáńtì, lọ sí ìgbèkùn. Láìpẹ́ sígbà náà ni ibùgbé àwọn àlejò, èyí tí wọ́n ń pè ní Zongo, bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú níbẹ̀. Rélùwéè láti Sekondi wọ ìlú ní 1903, ọ̀nà òwò sì là gbàràgàdà. Haúsá, Moshi, Dagomba, Wangara, Zabarma àti Yorùbá ni wọ́n wọlé. Àwọn Yorùbá tó lọ ibẹ̀, láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Òwò aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n sì ní olórí tiwọn lábẹ́ Sarkin Zongo, ìyẹn olórí gbogbo Zongo.

Nígbà tí Zongo àtijọ́ kún àkúnya, ìlú tàn kálẹ̀ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ní àwọn ọdún 1940 ni ìjọba amúnisìn kọ́ àwọn ilé òṣìṣẹ́ sí Asawase, tí wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n po sìmẹ́ǹtì mọ́ mọ ògiri wọn. Títí di òní, Asawase àti Aboabo tó bá a pààlà jẹ́ ibi tí Twi àti Haúsá ti jọ ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, tí mọ́sáláṣí pọ̀, tí àwọn èrò àríwá sì jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ Àṣáńtì. Láti 2012 ni ó ti wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Asokore Mampong.

Gbogbo àwọn tó wọ ibẹ̀ ló bá adìẹ pàdé, gbogbo wọn ló sì ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Àwọn Àṣáńtì fi ẹsẹ̀ adìẹ ṣe ọ̀kan nínú àwọn àmì adinkra wọn, Akoko nan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé adìẹ a máa tẹ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kì í pa á. Wọ́n a máa to ẹyin sísè lé iṣu gígún tí a fi epo pò, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní ɛtɔ, lọ́jọ́ ìbí àti lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ní ọdún Kérésìmesì, adìẹ ni ẹran pàtàkì nínú ilé ní Ghana. Mùsùlùmí Zongo fẹ́ adìẹ ààyè tí òun fúnra rẹ̀ yóò dúńbú. Yorùbá tó ti ilé rẹ̀ wá sì mọ̀ pé òkú àgbà kì í lọ láìsí adìẹ ìrànà níwájú. Adìẹ kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín. Bí àwọn oníṣòwò ṣe ń kó o nínú àgò láti àríwá wá sí Kumasi, pa pọ̀ pẹ̀lú ẹtù, tí wọ́n sì ń tà á káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ adìẹ oríṣiríṣi ìlú ń po mọ́ra wọn.

Nígbà tí wọ́n ka èrò ní Ghana ní 1960, Yorùbá tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 100,000. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ta dúkìá wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí ìlú tí àwọn mìíràn nínú wọn kò dé rí láyé wọn. Agbo ilé tú, ìsọ̀ ọjà ṣófo. Àwọn kan ṣẹ́kù, àwọn kan padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ wọn sì ń sọ Twi ju Yorùbá lọ nísinsìnyí. Adìẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tẹ̀lé wọn. Ó kàn bọ́ sọ́wọ́ ará ilé kejì ni.

Ohun tó ń lé e lọ

Ẹni tó kọ́kọ́ dojú kọ adìẹ ìbílẹ̀ kò ṣe é ní ọ̀tá. Ìjọba amúnisìn àti ìjọba òmìnira tó tẹ̀lé e, ní Nàìjíríà àti ní Ghana, fẹ́ kí adìẹ tóbi sí i. Wọ́n kó àkùkọ òkèèrè wá, irú Rhode Island Red, wọ́n pín wọn fún àgbẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n pa àkùkọ ilé. Lẹ́yìn náà ni adìẹ ágíríìkì dé, pẹ̀lú oúnjẹ alápò àti ilé olókùn wáyà. Ní Kumasi, Kwabena Darko dá oko adìẹ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Darko Farms sílẹ̀ ní 1967, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní Ghana. Agbègbè Àṣáńtì àti Dormaa di ibi tí adìẹ ẹyin pọ̀ sí.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́sìn ńlá náà fi rí tiwọn. Adìẹ oníyìnyín láti Amẹ́ríkà, Brazil àti ilẹ̀ Yúróòpù bo ọjà. Ní 2003 ilé aṣòfin Ghana gbé owó ibodè lórí adìẹ òkèèrè láti ìdá 20 sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàrin oṣù díẹ̀, ìjọba dá òfin náà dúró lẹ́yìn tí IMF, àjọ ìṣúná owó àgbáyé, ti dá sí i. Nàìjíríà ní tirẹ̀ fòfin de adìẹ oníyìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń gba ẹnubodè wọlé. Itan àti apá tí a gé sínú páálí yìí rọrùn lówó ju àgbébọ̀ ààyè lọ, ó sì ti mú kí ọmọ ìlú dàgbà láìmọ bí adìẹ tó fi ẹsẹ̀ rìn ṣe ń dùn lẹ́nu.

Àrùn kò gbẹ́yìn. Oṣù Kejì 2006 ni àrùn ẹyẹ H5N1 kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní Nàìjíríà. Ní 2007 ó ti dé Ghana. Àmọ́ fún adìẹ agbàlá, lúkúlúkú ni apanirun tó dájú. Ilé tó ní adìẹ ogún ní oṣù Kọkànlá lè ku méjì ní oṣù Kejì.

Ohun tó burú jù ni èyí tí àwa fúnra wa ń ṣe láìfura. Bí ọdún bá dé, àkùkọ tó tóbi jù, tó yára dàgbà jù, tó rẹwà jù, òun ni a ń pa tàbí tí a ń tà. Èyí tó kéré, tí oníbàárà kò wò, ni ó ń kù láti gun abo. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó ń jẹ iṣu ńlá tó sì ń fi iṣu wẹ́wẹ́ ṣe èbù lọ́dọọdún, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ebè rẹ̀ bá ń bí wẹ́wẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí adìẹ ìbílẹ̀ nìyẹn, tí a sì ń sọ pé bí ó ṣe máa ń kéré nìyẹn.

Ní 2007, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, gbé ìròyìn jáde lórí ẹran ọ̀sìn gbogbo ayé. Ó sọ nínú rẹ̀ pé nǹkan bí ẹ̀yà kan ń parẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀yà tí kò ní orúkọ nínú ìwé kì í sí nínú irú kíkà bẹ́ẹ̀. Bí òpìpì bá parẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Àbùkù tó di ọrọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà. Oníbàárà gbé abólọ́rùn lọ́wọ́, ó ní: "Ìyá, ẹ bá mi dín owó èyí kù, kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn." Ìyá aládìẹ fi ìka méjì kan egungun àyà rẹ̀, ó kan egungun ìdí rẹ̀ bóyá ìka méjì gba ibẹ̀, torí èyí tí ìka méjì bá gbà níbẹ̀ ń yé ẹyin lọ́wọ́. Ó wá dáhùn: "Ọmọ mi, ṣé ìyẹ́ lo fẹ́ sè ni?" Ìdáhùn yẹn kò jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ rí.

Ooru ni ọ̀tá adìẹ ní ilẹ̀ wa. Adìẹ kì í làágùn, mímí gúlegúle ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, bí ooru bá sì pọ̀ jù, kì í jẹun, kì í yé ẹyin tó bó ṣe yẹ. Abólọ́rùn tó jogún apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìyẹ́ ara rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti adìẹ tó kù. Èyí tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá, ìyẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 40 dín. Ooru ń gba ọrùn rẹ̀ jáde. Oúnjẹ tí ì bá lọ fún híhu ìyẹ́ sì ń lọ sínú ẹran àti ẹyin. Ní 2011 ni àwọn onímọ̀ ní Roslin Institute, Edinburgh, ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àyípadà kan nínú àbùdá adìẹ ń mú kí ara máa pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní BMP12 ní àpọ̀jù, èyí tí kì í jẹ́ kí ìyẹ́ hù. Awọ ọrùn ni ọ̀rọ̀ náà sì kọ́kọ́ ń mú, nítorí pé irú èròjà kan tó jẹ́ ti fítámì A wà níbẹ̀ tó ń mú kí ó tètè gbọ́ àṣẹ yẹn.

Aṣa náà ní ọrọ̀ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní KNUST, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi kan náà, tí kò jìnnà sí Asawase, sin adìẹ aṣa lábúlé, níbi tí ooru àti ebi ti wà bó ṣe wà, kì í ṣe nínú ilé afẹ́fẹ́. Ní 2014 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: aṣa tó jogún láti ọ̀dọ̀ òbí kan yé ẹyin ju ẹgbẹ́ rẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ lásán lọ. Ohun tí ọmọdé ń fi ṣẹ̀sín lágbàlá ni yunifásítì gbé lọ sínú ìwé ìwádìí.

Ṣùgbọ́n aṣa ní èèwọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí aṣa gun aṣa, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ọmọ wọn yóò jogún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ́ irú wọn máa ń já dànù, ara wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò, òtútù àti oòrùn á sì máa dà wọ́n láàmú. Bí aṣa bá gun adìẹ oníyẹ̀ẹ́ lásán, nǹkan bí ìdajì ọmọ wọn ni yóò jẹ́ aṣa tó lera. Ẹni tó mọ èyí lè dá aṣa sí láìpa á lára.

Àwọn tó ń wá aṣa àti òpìpì jù títí di òní ni àwọn tó fẹ́ fi wọ́n ṣe ètùtù tàbí oògùn, ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Ghana. Wọ́n ń san owó tó dára, ìyẹn sì jẹ́ kí àwọn tó ń sìn wọ́n má jù wọ́n nù. Àmọ́ adìẹ tí a rà fún ètùtù kò ní bímọ mọ́. Ọwọ́ kan náà tó ń gbé e ga ló ń dín in kù.

Ilé-Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta

Ní oṣù Kọkànlá 1989, ìpàdé kan wáyé ní Ilé-Ifẹ̀, ní ibi tí àwọn èèyàn gbà pé adìẹ ti tan ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Ṣónaìyà ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ṣáájú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà oríṣiríṣi péjọ láti sọ pé adìẹ agbàlá kì í ṣe ohun ìtìjú, pé ó yẹ kí a wádìí rẹ̀ bí a ṣe ń wádìí màlúù. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí adìẹ abúlé ní Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀, tó sì di ẹgbẹ́ àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ní Abẹ́òkúta, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí FUNAAB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébáḿbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn láti àwọn ọdún 1990 wá. Wọ́n kó adìẹ ìbílẹ̀ jọ, oníyẹ̀ẹ́ lásán, aṣa àti abólọ́rùn, wọ́n po wọ́n mọ́ ẹ̀yà òkèèrè, wọ́n sì ń ṣa èyí tó dára jù láti ìran dé ìran. Èso iṣẹ́ náà ni FUNAAB Alpha, adìẹ ẹran àti ẹyin, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ní 2018 ní NACGRAB, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú irúgbìn àti ẹ̀yà ẹran ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Ní Zaria, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn NAPRI ti ṣe adìẹ Shika Brown ṣáájú rẹ̀. Ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ilé-iṣẹ́ Amo Farm ń pa ẹyin Noiler, adìẹ oníṣẹ́ méjì tí wọ́n ń tà fún àwọn obìnrin abúlé. Nígbà tí ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí adìẹ kan tí wọ́n pè ní ACGG ní 2014 ní Nàìjíríà, Ethiopia àti Tanzania, wọ́n pín àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí pẹ̀lú Kuroiler ti Íńdíà àti Sasso ti Faransé fún àwọn ìdílé, kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn lè sọ èyí tó bá agbàlá wọn mu.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má pe ohun kan ní orúkọ òmíràn. Mímú adìẹ ìbílẹ̀ tóbi kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú dídá adìẹ ìbílẹ̀ sí. Bí àkùkọ FUNAAB Alpha tàbí Noiler bá wọ gbogbo abúlé, lẹ́yìn ìran mẹ́ta sí mẹ́rin, kò ní sí adìẹ ìbílẹ̀ pọ́ńbélé tí a ó tún kó jọ fún iṣẹ́ irú èyí lọ́jọ́ iwájú. Ilé tí a fi amọ̀ kọ́ kò lè dúró bí a bá ń gbẹ́ amọ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó ń po adìẹ ní agbo pọ́ńbélé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn kò ní pò mọ́ ẹ̀yà mìíràn.

Àtọ́ àkùkọ ṣeé fi sínú yìnyín, àwọn orílẹ̀-èdè tó rí jájẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ẹyin kò ṣeé fi pamọ́ sínú yìnyín bí a ṣe ń fi oyún màlúù pamọ́. Adìẹ ààyè tó ń jẹ̀ lágbàlá ni àpótí ìpamọ́ tó dájú jù tí a ní.

Ohun tó kù fún wa

Ẹni tó ń sin adìẹ ní Asawase, ní Ìnísà tàbí ní Ìgbòho kò nílò kí ìjọba kọ́kọ́ ṣe òfin kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó má ta àkùkọ tó dára jù lọ́dún yìí. Kí ó fi í sílẹ̀ gun abo títí di ọdún tó ń bọ̀, kí ó ta àwọn yòókù. Kí ó máa pààrọ̀ àkùkọ pẹ̀lú ará ilé kejì ní ọdún méjì-méjì kí ẹ̀gbọ́n má baà máa gun àbúrò. Kí ó má jẹ́ kí aṣa gun aṣa. Kí ó dá abólọ́rùn kan ó kéré tán sí, torí ooru ń pọ̀ sí i ni, kì í dínkù.

Kí ó sì kán oògùn lúkúlúkú sójú adìẹ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Oògùn I-2 tí Peter Spradbrow ti Yunifásítì Queensland ní Australia ṣe, tí ilé ìwádìí NVRI ní Vom ń ṣe ní Nàìjíríà, kì í tètè bàjẹ́ nínú ooru bí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ̀kán kan lójú adìẹ kọ̀ọ̀kan sì ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí agbo ilé bá pawọ́ pọ̀ rà á, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá kò tó iye adìẹ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, KNUST ní Kumasi, Ifẹ̀, Abẹ́òkúta àti ibi gbogbo, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá tó ń sin adìẹ mọ ohun tí ẹ rí nípa adìẹ wọn, ní èdè tí wọ́n ń sọ. Ìyá aládìẹ tó bá mọ̀ pé ọrùn bíbó kì í ṣe àrùn kò ní dín owó rẹ̀ kù mọ́. Ẹ̀yin oníbàárà náà, bí ẹ bá rí abólọ́rùn lọ́jà, ẹ má yọ owó lórí rẹ̀. Ìyẹ́ díẹ̀ ni ẹ ó tu, ẹran kan náà ni ẹ ó jẹ, owó tí ẹ bá san ni yóò sì jẹ́ kí ẹni tó ń sìn ín rí ìdí tí yóò fi dá ọmọ rẹ̀ sí.